Omi Kò Lọ́tàá: Aró àti Ìmọ̀ Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Ẹni tí ó bá ti gba Máìlì 12 kọjá lójú ọ̀nà Ìkòròdú yóò fi etí mọ Owódé Onírin kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ìró òòlù lára irin ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ ní ìsọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbé ti ògiri, àti àwọn páìpù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò rà wọ́n. Orúkọ àdúgbò náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Owó dé, àwọn onírin ni ó sì mú un dé.

Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi láti ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọmọ náà ń múra ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ti ń ráhùn láti òwúrọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí ó le tó kẹ́mísírì. Bí a ti dúró ní ìsọ̀ kan, ọmọ-iṣẹ́ kan tí ó ń tú ẹ́ńjìnnì parí iṣẹ́, ó sì fẹ́ ṣan ọwọ́. Girísì ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ ṣe é lóore, ó gbé korobá omi sún mọ́ ọn. Ọmọ-iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n omi ò lè dá eléyìí ṣe." Ó da kẹrosíìnì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì títí girísì fi yọ́, ó fi ọṣẹ lé e, ìgbà náà ni ó tó wá fi omi ṣàn án. Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ọ̀gá mi ni, Bàbá. Epo ló gbọ́ èdè epo. Ọṣẹ ló máa wá mú un lọ bá omi."

Mo yíjú sí ọmọ àbúrò mi, mo ní orí kan gbáko nínú ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ ni ọmọ-iṣẹ́ yìí fi gbólóhùn méjì kà tán. Ó lanu. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ohun tí ìwé náà ń sọ lè gba ẹnu Yorùbá jáde. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé ọwọ́ dúdú ọmọ-iṣẹ́ yẹn rán mi létí ọwọ́ mìíràn, ìyẹn ọwọ́ ìyá-àgbà mi ní Abẹ́òkúta, tí aró ti rin wọ inú èékánná rẹ̀ tí kò sì jáde mọ́ títí ó fi rèwàlẹ̀ àsà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdí aró jẹ́ ilé ìmọ̀ nílẹ̀ wa. Ìjà kan sì ti wáyé rí ní Abẹ́òkúta lórí ìmọ̀ náà, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìjà ọ̀hún kò sì tí ì tán nílẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo omi yóò rí i pé bí kò tilẹ̀ ní ọ̀tá, ó ní àwọn àlejò tí kì í gbà sílé. Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ èyí dáadáa. A kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ohun tí a bá dà sínú omi. Iyọ̀ a máa yọ́. Èlùbọ́ kì í yọ́. Ńṣe ni a ń rò ó. Bí a bá bu omi amọ̀ sílẹ̀, yóò silẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. A ń po ẹ̀kọ, a ń sẹ́ ògì, a ń rẹ aṣọ, a ń lú àdàlù. Epo pupa ní tirẹ̀ a máa léfòó. Ẹni tí ó bá to àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ ti to ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kan jọ: ohun tí ó yọ́ pátápátá tí ojú kò rí i mọ́, ohun tí ó kàn fọ́n ká inú omi fún ìgbà díẹ̀, àti ohun tí ó kọ omi pátápátá.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí omi fi ń gba iyọ̀ tí kì í gba epo? Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣàlàyé pé gbogbo nǹkan ni a fi hóró tíntìntín ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní mólékù, àti pé àwọn hóró wọ̀nyí a máa fa ara wọn mọ́ra. Kì í ṣe bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń fà. Mólékù omi ní ìhà tí agbára iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà kan, àti ìhà kejì tí ó tẹ̀ sí ọ̀nà òdìkejì. Nítorí náà wọ́n di ara wọn mú ṣinṣin bí ìgbà tí ọmọdé bá di ọwọ́ ara wọn mú níbi eré òṣùpá. Iyọ̀ ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó sì rí àyè wọ agbo náà. Epo kò ní i. Omi kò kórìíra epo o. Ìfẹ́ tí omi ní sí omi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pọ̀ débi pé kò sí àyè fún epo láàárín wọn. Ọṣẹ ní ẹsẹ̀ kan nínú agbo epo àti ẹsẹ̀ kan nínú agbo omi, ìdí nìyí tí ó fi lè ṣe alágbàwí láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí ọmọ-iṣẹ́ Owódé Onírin sọ kò ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ìdí aró. Ewé èlú ni ìyá wa ń já, ewé igi afàgùn kan tí ó wọ́pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Wọn yóò gún ewé náà nígbà tí ó ṣì tutù, wọn yóò ṣù ú róbótó, wọn yóò sì sá a sí oòrùn. Ewé tí ó jẹ́ àwọ̀ ewéko nígbà tí wọ́n já a ni yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú. Nǹkan kan wà nínú ewé náà tí kò tí ì di aró. Gígún tí wọ́n gún un ni ó tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó sì sọ ọ́ di aró.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Aró tí ó ti jáde yìí kì í yọ́ nínú omi. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, tí a dà á sínú omi, tí a sì rò ó láti àárọ̀ di alẹ́, yóò kàn fọ́n ká ni. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò silẹ̀. Àwọn mólékù aró di ara wọn mú ju bí omi ti lè tú wọn ká lọ. Aṣọ tí a bá kì bọ irú omi bẹ́ẹ̀ yóò ya àbàwọ́n, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àbàwọ́n náà yóò sì bá omi lọ. Báwo wá ni ohun tí kò yọ́ nínú omi ṣe lè wọ inú òwú, kí ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún?

Àwọn ìyá wa wá ojútùú sí ìṣòro yìí láìsí ìwé, láìsí ìgò gíláàsì. Eérú ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n da eérú igi tí ó jóná dáadáa sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọ́n sì ń bu omi sí i kí ó máa kán tótó sí ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi tí ó bá kán yìí ti gba agbára eérú; ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ta lẹ́nu. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń fọ́ èlú gbígbẹ sí, wọn a dé e, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò náà, iṣẹ́ wọn a sì máa pààrọ̀ ìṣesí aró. Háídírójìn yóò so mọ́ mólékù aró, omi eérú yóò sì fún un ní agbára iná tí omi lè fi dì í mú. Aró tí ó le koko tẹ́lẹ̀ yóò wá yọ́. Àlejò tí omi kò gbà tẹ́lẹ̀ ti wá paṣọ dà, omi sì ti gbà á wọlé.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí aró yóò rò pé omi inú ìkòkò tí ó ti kan yóò dúdú bí inú ìkòkò ṣe dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aró tí ó bá ti yọ́ pátápátá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì fara jọ omi ewé. Ojú omi nìkan ni ó dúdú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fọwọ́ kàn án. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ohun tí ó máa ń dà bí idán lójú mi ni ìgbà tí ìyá-àgbà mi bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò. Aṣọ náà a jáde ní àwọ̀ ewé. Bí a bá ti nà án sórí okùn, kí a tó ka oókan dé ọgbọ̀n, àwọ̀ náà a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a di àyìnrín, a máa ṣú lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gba háídírójìn yẹn padà lọ́wọ́ aró. Ṣùgbọ́n nígbà tí aró fi máa padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, ó ti wà láàárín fọ́nrán òwú, kò sì lè yọ́ jáde mọ́. Wọn a tún kì í bọ̀ ọ́, wọn a tún nà án, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí dúdú rẹ̀ yóò fi tẹ́ aláró lọ́rùn. Àgbà kì í parọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Báwo ni aláró ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ sí? Ahọ́n ni ó fi ń tọ́ omi eérú wò, imú ni ó fi ń gbọ́ òórùn ìkòkò, ojú ni ó sì fi ń wo àwọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ó ti di ẹ̀ka ìmọ̀ ńlá kan lágbàáyé. Ní nǹkan bí ọdún 1666, Isaac Newton gba ìtànṣán oòrùn kọjá lára gíláàsì onígun mẹ́ta, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ funfun kì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1859 sí 1860, Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen ní ìlú Heidelberg, ní Jámánì, fi hàn pé èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìlà ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bí ìgbà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilà ojú tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Aró a máa gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀, apá tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tí ó pọ́n. Ìyókù tí ó dá padà ni ojú wa ń rí gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ aró. Bí háídírójìn bá ti so mọ́ ọn, ohun tí ó ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ yí padà, àwọ̀ náà sì yí padà. Nígbà tí aláró bá ṣí ìdérí ìkòkò tí ó sì ní, "Aró ti tó," ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀mọ́lẹ̀wò ń ṣe ní yàrá ìwádìí ni ó fi ojú rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ a máa kọ iye sílẹ̀. Ti aláró wà nínú ojú àti ìrántí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀ ní ọdún 1899, aṣọ funfun ilé òyìnbó sì ń ya wọ ọjà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òwú tí wọ́n ń ran nílé ni wọ́n ń rẹ sí aró tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń hun ẹtù tí í ṣe aṣọ iyì. Aṣọ funfun tí ó fẹ́lẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí àdìrẹ gbilẹ̀. Wọ́n ń fi iko di í, èyí ni àdìrẹ oníko; wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ ọnà sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí a bá tún wò ó, ọgbọ́n kan náà ni: ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ráyè dé òwú. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti láti Senegal wà lára àwọn tí ń ra àdìrẹ Abẹ́òkúta. Obìnrin ni ó ń rà á ní funfun, obìnrin ni ó ń dì í, obìnrin ni ó ń rẹ ẹ́, obìnrin ni ó sì ń tà á. Láti ọdún 1918 ni ìjọba sì ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní tiwọn, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, èyí tí ó fi hàn pé ojú ìjọba rí owó náà.

Ní òkè òkun, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tí yóò kan ìdí aró láìpẹ́. Onímọ̀ kan ní Jámánì, Adolf von Baeyer, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí mólékù aró láti ọdún 1865. Ní ọdún 1883, ó ti mọ bí átọ̀mù rẹ̀ ṣe to ara wọn. Ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe láìlo ewé ní ọdún 1897, Baeyer sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1905. Òwò aró eléwé ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó ti ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, fọ́ láàárín ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1920, aró òyìnbó yìí àti sódà alágbára tí a ń pè ní kọ́sítíìkì ti dé Abẹ́òkúta. Sódà náà gba ipò eérú. Iṣẹ́ tí ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá di iṣẹ́ tí kò pẹ́ rárá. Ẹni tí kò ní igi eérú, tí kò sì ní èlú lóko, lè di aláró bí ó bá ti ní owó tí yóò fi ra agolo kan.

Lẹ́yìn náà ni ọjà àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929. Kòkó kò mówó wá mọ́, owó kò sí lọ́wọ́ oníbàárà, àdìrẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùtà. Nígbà tí ọjà kò bá tà, ènìyàn a máa wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ẹ̀sùn tí ó jáde ni pé aró òyìnbó àti sódà ni ó ń ba aṣọ jẹ́ tí oníbàárà fi ń sá. Aláké Adémọ́lá Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1920, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi òfin de ohun èlò tuntun náà. Àwọn aláró tí ń lò wọ́n kò gbà. Wọ́n ta ko òfin náà débi pé ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1936 láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òpìtàn Judith Byfield, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta tí ó jáde ní ọdún 2002, ti tú ìtàn yìí palẹ̀ fún wa, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nìyí. Ó rọrùn fún àwa tí a ń kọ ìwé nípa àṣà láti ka ìtàn yìí bí ìjà láàárín ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọ̀làjú: kí a ní ọba ń dáàbò bo èlú àti eérú, àwọn obìnrin sì ń sá tẹ̀lé ohun òyìnbó. Kẹ́mísírì kò jẹ́ kí a kà á bẹ́ẹ̀. Mólékù aró tí BASF ń ṣe kò yàtọ̀ sí mólékù aró tí ó wà nínú èlú rárá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé a máa gbé àwọn nǹkan mìíràn díẹ̀ wọ inú ìkòkò, bí a bá gbé aró méjèèjì síwájú ẹ̀rọ ayẹ̀mọ́lẹ̀wò, ibì kan náà nínú òṣùmàrè ni wọn yóò ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Aró kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà dé inú aṣọ.

Omi eérú kò le jù. Bí ọwọ́ aláró bá ṣì í lò díẹ̀, yóò ṣì fojú fo àṣìṣe náà. Sódà alágbára kì í dárí jini. Ó ń bó ọwọ́, ẹni tí ó bá sì lò ó láìmọ ìwọ̀n, tí kò ṣan aṣọ dáadáa, yóò ba aṣọ jẹ́. Bákan náà, bí aró kò bá tí ì yọ́ tán kí a tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, tàbí bí a bá fi ìkánjú kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí ó yẹ kí ó wọ aró lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ̀yìn òwú ni aró yóò jókòó sí; yóò ṣí, bóyá láti inú ewé ni ó ti wá ni o, bóyá láti inú agolo. Nítorí náà, òfin tí ó de ohun èlò kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ ni, àti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé aró ti tó tàbí kò tíì tó. Ìyá tí ó ti fi ogójì ọdún wo ojú ìkòkò ni ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn tí ó jókòó ṣe òfin. Ohun tí ó mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí ó lè gbé síwájú ìgbìmọ̀, kò sì sí iye tí ó lè kà fún wọn.

Mo sọ pé ewu wà níbẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ojú àti ọwọ́ nìkan, àwọn tí kò ní i lè jókòó dá a lẹ́jọ́ nígbàkigbà. Kò yani lẹ́nu pé ní ọdún 1947, nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta dìde lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lórí ọ̀rọ̀ owó-orí, Aláké kan náà ni wọ́n dojú kọ, ìjà náà sì le débi pé ó fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1948. Àwọn obìnrin tí ń tajà ní Abẹ́òkúta ti kọ́ tipẹ́ pé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin, wọn yóò ṣòfin lé e lórí.

Sódà kò kúrò ní ìdí aró. Ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, òun àti hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò. Èlú kò parẹ́ pátápátá. Nike Okundaye, tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí ó lè fi ahọ́n mọ agbára omi eérú ń dín kù, bí ìyá kọ̀ọ̀kan bá sì ti lọ ni ìwọ̀n tirẹ̀ ń bá a lọ. Èmi kò bá ẹni tí ó ra agolo jà. Ìyá-àgbà mi fúnra rẹ̀ lò ó nígbà tí ọjọ́ ogbó dé tí igi eérú sì wọ́n. Ohun tí ó dùn mí ni pé èmi tí mo ń jẹ́ olùkọ́ni ní èdè Yorùbá kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye ìgbà tí ó ń bu omi sí eérú, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ orúkọ tí ó ń pe àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ka oríkì sí ìmọ̀. N kò ka ìkòkò aró sí i.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ètò náà fi hàn pé èdè wa lè gbé ẹrù náà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni kí a wá ẹrù náà lọ síbi tí ó wà: sí ìdí aró, sí ìdí ọṣẹ, sí ẹbu elépo, sí ìsọ̀ àwọn onírin. Bí olùkọ́ kẹ́mísírì bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa ohun tí ń yọ́ nínú omi àti ohun tí kì í yọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀, èlùbọ́ àti epo pupa; bí ó bá dé orí bí mólékù ṣe ń fa ara wọn, kí ó mú èlú wá sí kíláàsì. Òwe wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá pẹ́ lẹ́nu olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, yóò di ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Kí a tó kúrò ní Owódé Onírin lọ́jọ́ náà, ọmọ àbúrò mi padà lọ bá ọmọ-iṣẹ́ yẹn. Mo rí wọn lókèèrè, agolo kẹrosíìnì wà láàárín wọn, ọmọ àbúrò mi ń fi ìka ya nǹkan sórí iyanrìn, ọmọ-iṣẹ́ náà tẹ orí ba ń wò ó. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo bi í ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní òun ń ya mólékù ọṣẹ fún un, olórí kan, onírù kan. Mo ní, kí ni ó wá sọ sí i? Ó ní ọmọ-iṣẹ́ náà wo àwòrán náà títí, lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Èwo nínú méjèèjì ló mú epo?"

Kò sí ìbéèrè tí ó dára ju èyí lọ nínú ìwé rẹ̀.